Géèjì Tọ́bò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Dè

Ìró tó ń ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde nígbà náà dà bí ti àgbàlagbà tó jẹ iyán yó tán tó wá ń gun òkè. Mọ́tò mi tó máa ń fò bí ẹyẹ wá di ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù ń yà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní tọ́bò, ìyẹn ohun tó máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Mẹkáníìkì mi ní Ọ̀yọ́ gbọ́ ìró náà lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí.

"Tọ́bò ti kú, Dádì. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, kí n yọ ọ́ dànù, kí n dí ojú ẹ̀ pa."

Nítorí tọ́bò yẹn ni mo ṣe ra mọ́tò náà. Bó bá yọ ọ́, kí ló kù? Àga lásán tó ní táyà mẹ́rin.

Mo ní n kò ní gbà láìrí ẹ̀rí. Mo ti gbọ́ pé géèjì kan wà tó ń fi bí tọ́bò ṣe ń fẹ́ hàn. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, ta ni màá bi? Mo gba géèjì ògbólógbòó ara pọ́ńpù fọganáísà àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó di dandan kí n gé róbà kan lára ẹ́ńjìnnì kí n lè so géèjì náà mọ́ ọn. Mo ka Sáàmù kẹtàlélógún tán kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Mo tẹ iná lójú títì, abẹ́rẹ́ géèjì kò mira. Ó dùn mí wọ egungun.

Kí ọjọ́ Ajé tó pé, mo wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ó yọjú wo dáṣíbọọ̀dù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, géèjì táyà kọ́ rèé? Ó ń kà dé àádọ́jọ! Èémí tọ́bò ò lè jí i. Ṣé òṣùwọ̀n àpò ìrẹsì lẹ fi ń wọn iyọ̀ ọbẹ̀ nílé yín ni?"

"Ìyàwó mi ló ń se ọbẹ̀," ni mo fi dá a lóhùn.

Ó kó géèjì tọ́bò méjì wá. Ọ̀kan ń tan iná búlúù, ó wù mí gidi. Èkejì dúdú, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n òdo wà láàárín ojú rẹ̀: apá òsì fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́, apá ọ̀tún fún ìgbà tí tọ́bò ń fẹ́ ẹ wọlé.

"Oníná yẹn ò ní apá òsì," ó ní, "àfi bí ẹ bá fẹ́ fi ṣílé ijó."

Mo mú dúdú. Mo kọ̀ kó bá mi dè é. Mo so róbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí mo gé lọ́jọ́sí, mo gba ihò wáyà fà á wọ inú ọkọ̀. Ó káwọ́ gbera, ó ń wò mí.

"Ẹ má so ó mọ́ ti bíréèkì o, ìyàwó yín ṣì nílò yín!"

Òun náà wọ ọkọ̀, a gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Mo tẹ iná. Abẹ́rẹ́ sáré dé márùn-ún lápá ọ̀tún, ó tún ń padà bọ̀, nǹkan ń dún ṣííì níwájú. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ń lọ? Ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀!" Ó wá rẹ́rìn-ín. "Òkú kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Ó ń jò ni."

A dúró, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ èmi gan-an ló bá a: kílíìpù tó di róbà ńlá tọ́bò mú ti tú. Mo fún un le. Nígbà tí a tún gbéra, abẹ́rẹ́ gòkè dé méjìlá, ó dúró ṣinṣin. Mo kígbe débi pé àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà ju ọwọ́ sí wa.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ọ̀yọ́ kọjá, n kò yà.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, tọ́bò náà ṣì wà níbẹ̀. Bí àlejò bá jókòó níwájú, n kì í kí i tán tí màá fi nàka sí abẹ́rẹ́ mi. Ẹ̀rù ẹ́ńjìnnì ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé nǹkan mi ti kú, mo máa ń ní kó ní sùúrù, kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣì ń mí.