Ohun Tó Ń Pa Rájì Lẹ́kún

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Aboabo, ní Kumasi nílẹ̀ Gánà, ẹ̀yìn mi kì í ṣe tèmi. Ti Rájì, àbúrò mi, ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Òun ò tíì pé ọdún kan, ó sì wúwo bí àpò ìrẹsì. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, tí mo jẹ wáákyé, ìrẹsì àtẹ̀wà tí ìyá wa ń tà, tán, wọn á gbé e pọ̀n mí, ó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣáà mọ bí ìtọ̀ gbígbóná ṣe ń ṣàn bá ìbàdí ẹni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi á máa ta áńpé, wọ́n á máa fò, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Bí mo bá sún mọ́ wọn, Mẹ́múnà á ní, "Ìyá ọmọ, lọ fún un lọ́mú."

Lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo já Rájì léèékánná nítan. Ó figbe ta. Ìyá wa sáré wá gbà á, èmi sì ráyè lọ ta áńpé. Ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ló ń fi í sílẹ̀? Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi já a léèékánná.

Ọmọ tó tẹ̀ lé mi ti kú. Ẹ̀rù wá ń ba ìyá wa pé eléyìí náà fẹ́ lọ. Wọn ò dáná wáákyé mọ́. Wọ́n kó wa lọ sọ́dọ̀ Àfáà kan, ará Ìlọrin, ní Sawaba. Àfáà wo itan Rájì, wọ́n wo èékánná ọwọ́ mi. Wọ́n kọ áyà Kùránì sára pátákó wàláà, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, wọ́n ní, "Ìyá Rájì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kó máa fún un mu, láàárọ̀ àti lálẹ́."

Mo fún un mu. Láti ọjọ́ náà, ẹkún dá. Ìyá wa fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, "Fátí, ìwọ lo bá mi dá ọmọ yìí dúró. Ọlọ́run á san án fún ọ." Mo ní, "Àmín." Títí wọ́n fi kú, n kò jẹ́wọ́.

Rájì ti di ọ̀gá fítà tó ń tún mọ́tò ṣe ní Suame Magazine báyìí. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé èmi ni mo wo òun sàn, n kì í sì í lè wo ojú rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́? Lónìí, ọmọ mi obìnrin á kàn pè mí, á ní, "Màámi, ọmọ yìí ti sú mi." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń yára lọ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn, èmi ò mọ̀ rárá pé ó ṣeé sọ.