Ẹnì Kẹta Tí Wọ́n Ń Rí Lọ́dọ̀ Mọ́mì ní Kuala Lumpur

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó wá sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kó wá wo màmá mi níbi tí wọ́n jókòó sí. Èmi ò ka ìtàn iwin sí. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti nu òkú lára láìmọye ìgbà, kò sí èyí tó bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Mọ́mì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí Malaysia. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní mọ́ṣáláṣí ti lọ, kò sì jẹ́ ká sinmi. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, àwa méjèèjì wọ bàlúù lọ sí Kuala Lumpur.

Ìlú náà dára, mi ò ní parọ́. Ará Ṣáínà, ará Íńdíà, àwọn Màléè tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, gbogbo wọn wà ládùúgbò kan náà. Wọ́n ń pèrun lápá ibí, agogo tẹ́ńpìlì ń dún lápá ọ̀hún. Ó jọ Rye Lane, òpópónà ọjà wa ní Peckham, àfi pé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ooru yẹn! Mọ́mì tún ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú gbogbo nǹkan, wọ́n sì ń bi gbogbo ẹni tá a bá pàdé bóyá ó mọ Abẹ́òkúta. Kíá ni ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Ilé oúnjẹ ará Íńdíà kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń bu ìrẹsì sí. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ tẹ́ ewé mẹ́ta. Mo ní méjì la jẹ́. Ó wo àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì kó ewé yẹn kúrò. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá Ṣáínà kan tó ń wa táksí di ilẹ̀kùn mú lẹ́yìn tá a ti wọlé tán. Ó ní òun ń dúró de obìnrin tó kù. Mo ní kò sẹ́ni tó kù. Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé, ó wá rọra ti ilẹ̀kùn, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnì kan há sí i.

Mọ́mì sún mọ́ mi díẹ̀ lórí àga, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, inú ló ń bí mi nígbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀rù.

A dé mọ́ṣáláṣí kan, obìnrin Màléè tó wà lápá obìnrin tẹ́ ẹní ìrun mẹ́ta fún wa. Àwọn tí oúnjẹ wọn ò bára mu, tí ẹ̀sìn wọn ò bára mu, èyí nìkan ni wọ́n wá fẹnu kò lé lórí! Mo bi í pé kí ló ń ṣe gbogbo wọn nílùú yìí gan-an. Ó sún mọ́ mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ẹnì kẹta yín di ọwọ́ ìyá rẹ mú."

Mo wo ọwọ́ òsì Mọ́mì. Ó ká kò díẹ̀, bí ọwọ́ tí ọwọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀. Àtàǹpàkò wọn ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Gbogbo ara mi tutù nínú ooru yẹn. Mo pariwo ní Yorùbá, nínú mọ́ṣáláṣí, kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo ní ohun yòówù kó jẹ́, kó fi ìyá mi sílẹ̀, kó dúró síbẹ̀, kó má tẹ̀ lé wa.

Ọwọ́ Mọ́mì ṣí.

"O ti lé e," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo bi wọ́n pé ta ni. Wọ́n ká ẹní ìrun kẹta yẹn; títí di òní, mi ò mọ̀.

Láti ìgbà yẹn, méjì ni gbogbo ayé ń rí. Ó yẹ kínú mi dùn.

Ṣùgbọ́n a ti padà sí Peckham, Mọ́mì ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo la máa padà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọjọ́ ogbó ni. Mo ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ti ní kí Ààfáà ṣàdúà, mo ti fi pásípọ́ọ̀tù wọn pamọ́ síbi iṣẹ́ mi. Ó ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́.

Níjẹta, ibùdókọ̀ ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó lé àpótí nínú òtútù. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká lọ sílé. Wọ́n wojú mi.

"Ẹni tó o lé yẹn ò gbọ́ èdè ibẹ̀," ni wọ́n sọ.

Torí náà, bí ẹ bá rìnrìn àjò, táwọn ará ibẹ̀ ń rí ohun tí ẹ̀yin ò rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn yín, ẹ má pariwo bíi tèmi. Ẹ kọ́kọ́ bi èèyàn yín léèrè. Ẹ lè lé nǹkan lọ láìmọ ẹni tó ni ín.