Ọmọ-ọmọ mi nínú fíìmù àwọn olórin Nápólì

Gbogbo agbo ilé wa ló péjọ lónìí láti wo ọmọ-ọmọ mi nínú fíìmù.

Nọ́ọ̀sì ni Sàídátù ní Nápólì, nílẹ̀ Ítálì. Ó ní òun wà nínú fíìmù tí wọ́n fi gbé orin ìlú náà lárugẹ. Mo ti ròyìn rẹ̀ dé kíláàsì àgbà tí mo ti ń kọ́ ìwé.

Àwọn arúgbó kọrin, wọ́n ta gìtá, a ò rí Sàídátù.

Ìyá Ràfíù, aládùúgbò mi, ní, "Àlàájà, ṣé ọmọ yín ṣì ń múra ni?"

Ni bàbá kan nínú fíìmù náà bá dúró lábẹ́ fèrèsé, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń kọrin ìfẹ́ kíkankíkan. Fèrèsé ṣí. Sàídátù yọrí, oorun ṣì wà lójú ẹ̀:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Iṣẹ́ òru ni mo ṣe! Ẹ jẹ́ n sùn!"

Yorùbá ló fi sọ ọ́ o! Bàbá rò pé ó ń yin òun ni. Ó tẹríba, ó tún gbóhùn sókè. Sàídátù pa fèrèsé dé gbàgà. Ibi tó ti hàn tán nìyẹn.

Ìyá Ràfíù ní, "Ẹ ò wí fún wa pé olórin ló ń lé kúrò."

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Mo ní kí wọ́n dá ibẹ̀ padà. Wọ́n dá a padà títí Ìyá Ràfíù fúnra ẹ̀ fi dìde, tó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n:

"Bàbá yìí, ẹ máa lọ! Ọmọ wa fẹ́ sùn!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló jẹ̀bi nínú Sàídátù àti bàbá olórin yẹn?