Ọwọ́ Tó Ń Wẹ Ọmọ Mi

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Bí aláta lọ́jà Ìkàrẹ́ bá fi èènì sí ata fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, màá yẹ ìsàlẹ̀ ata náà wò. Bàbá mi ló fi kọ́ mi. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Mo ti jèrè ìfura lọ́pọ̀ ìgbà, n ò ní parọ́. Ìgbà tó mú mi ṣìnà ni mo fẹ́ sọ yìí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ọdún mẹ́fà la fi wojú Ọlọ́run kí n tó bí ọmọkùnrin. Akúrẹ́ ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí, tí mo padà sí ilé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì, ìyá ọkọ mi kó ẹrù wọn wá láti Ọ̀kà kí wọ́n lè máa bá mi tọ́jú ọmọ. Àgbẹ̀ ni Màmá, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àpótí ìjókòó wọ ilé ìwẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sí i, wọ́n á fi omi gbígbóná àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fà á lápá, fà á lẹ́sẹ̀, wọ́n á wá fi òrí ra á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i. Lóṣù mẹ́jọ, ọmọ mi ti le bí igi, gbogbo àdúgbò ló ń yìn wọ́n.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, àárín ọyẹ́ ni. Mo gbé e lọ sí ọsibítù láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òtútù àárọ̀ náà pọ̀, a ò rí òkè nínú eruku. Wọ́n ní kí n bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e sórí irin ìwọ̀n, ó fi igbe ta. Nọ́ọ̀sì tó ń wọ̀n ọ́n fi ìka kàn án lábẹ́, ó tún fi kàn án, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Màdáámù, kórópọ̀n kan ṣoṣo ni mo rí níbí o."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Méjèèjì ló gbé wáyé, ẹni tó gbẹ̀bí mi fi hàn mí kí wọ́n tó wé e láṣọ.

"Apá ọ̀tún ṣófo. Ẹ gbé e wá rí dókítà lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lè ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ." Ó kọ nǹkan sínú káàdì, lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló ń wẹ̀ ẹ́ nílé?"

"Ìyá ọkọ mi."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ẹ̀n-ẹ́n yẹn ló wọ̀ mí lára. Bóyá ó fẹ́ bèèrè nǹkan mìíràn ni, bóyá kò tiẹ̀ ní nǹkan kan lọ́kàn, ṣùgbọ́n èmi ti gbé e, mo ti ń tú u wò lórí ọ̀kadà. Méjì ló gbé wáyé. Ó di ọ̀kan. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń dé ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo sì mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ọdọọdún ni mò ń ya ẹ̀yà ìbímọ ọkùnrin sójú bọ́ọ̀dù fún kíláàsì àgbà, tí àwọn ọmọkùnrin á máa rẹ́rìn-ín sínú kọ́là aṣọ wọn, tí àwọn ọmọbìnrin á máa wolẹ̀. Màá ya àpò ẹpọ̀n, màá ya kórópọ̀n méjì sínú rẹ̀, màá ní ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ohun tó ń sọ ohùn ọmọdé di ohùn àgbà, tó ń hu irùngbọ̀n, ti ń wá. Màá fa ọ̀nà tín-ín-rín láti ibẹ̀ gòkè, kó gba ẹ̀yìn àpò ìtọ̀, kó kọjá níbi tí wọ́n ti ń da omi mọ́ àtọ̀, kó tó wá gba inú okó jáde. Màá sì sọ fún wọn pé kórópọ̀n tó bá há sínú ikùn, ooru inú ara ni yóò máa sè é, kò dájú pé yóò so èso. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ ni mo máa ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́fà wá ló wà lẹ́yìn mi.

N ò sọ nǹkan kan nílé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ìdájí, kí Màmá tó jí, màá tú aṣọ ọmọ, màá fọwọ́ kàn án. Kò sí. Ọjọ́ kejì, kò sí. Ọjọ́ kẹta, kò sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ọmọ á ké lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́. Kí ló pa á lẹ́nu mọ́? Màá gbọ́ tí Màmá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ta ni wọ́n ń bá sọ ọ́? Mo bu òrí wọn lọ sí ìmọ́lẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀, mo fi sí ahọ́n. Òrí ni. Ìyẹn ò tó láti fi mí lọ́kàn balẹ̀, mo ní àgbà tó mọ oògùn í ṣe ò ní fi í sínú òrí tí èèyàn lè tọ́ wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, n ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ẹ ò rí i pé kórópọ̀n ọmọ yìí kan ò sí?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, méjèèjì wà ńbẹ̀. Ọwọ́ mi ń bà wọ́n lójoojúmọ́."

"Ẹ fi hàn mí."

Iṣu ni wọ́n ń fọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹní ní pálọ̀, fèrèsé wà ní ṣíṣí, ọyẹ́ ń fẹ́. Wọ́n tú aṣọ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá a. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n tún wá a.

"Ó wà ńbẹ̀ láàárọ̀," wọ́n ní.

"Ṣé ó lọ kí ará Ọ̀kà ni?"

Wọ́n ṣì ń fọwọ́ wá a, ìyẹn ló wá mú mi ya wèrè. Mo ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń fi ọwọ́ yín ṣe fún ọmọ mi nínú ilé ìwẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń tì?"

Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n wọ aṣọ fún ọmọ, wọ́n rọra gbé e lé mi lọ́wọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná, wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà. Wọ́n sọ fún ọmọ wọn lórí fóònù pé ó ti tó àkókò láti kọ ebè. Kò sí ẹ̀sùn kan lẹ́nu wọn. Èmi ní ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́ kì í sá.

Lọ́jọ́bọ̀, dókítà fi ọwọ́ kan ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kò rí i. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ. Ó ní kí wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí ó fi gbóná, ó gbé ọmọ jókòó sínú omi. Ọmọ ń fọwọ́ gbá omi, ó ń rẹ́rìn-ín. A dúró díẹ̀.

"Ẹ wá wò ó," ni dókítà wí.

Méjèèjì wà nínú àpò, bí ẹ̀pà méjì nínú èèpo kan.

Ó ní iṣan kan ló ń fà á. Bí òtútù bá mú ọmọ, tàbí tí ọwọ́ tútù bá kàn án, iṣan á fà á gòkè. Bí ara bá móoru, á jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó ní kò sí àrùn níbẹ̀, kí n kàn máa gbé e wá kí wọ́n máa wò ó bó ṣe ń dàgbà. "Ẹni tó ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ á ti máa rí i lójoojúmọ́. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Wọ́n sọ fún mi. Èmi gan-an sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan náà: àpò ẹpọ̀n á súnkì nínú òtútù, á rọ̀ nínú ooru, nítorí kórópọ̀n ò fẹ́ gbóná jù, kò fẹ́ tutù jù. Báírò pupa ni mo fi fàlà sí i nídìí nínú nóòtì mi. Ọwọ́ mi tó tutù ní ìdájí ló ń lé e sá, mo wá ń fi ẹ̀sùn kan ọwọ́ tó gbóná.

N ò dé ilé kí n tó lọ sí Ọ̀kà. Màmá jókòó níwájú ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì àti dókítà wí, mo sọ ohun tí mo ti rò sí wọn, n ò fi ọ̀kan pamọ́.

"Wọn ò ní fi ọ̀bẹ kàn án?" wọ́n ní.

"Wọn ò ní fi kàn án, Màmá."

Wọ́n dijú. "Dìde, ẹ̀gẹ́ á ta sí ẹ láṣọ." Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo sunkún.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi gbé wọn padà wá. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, mò ń múra iléèwé, omi ti gbóná, ọmọ ṣì wà nínú aṣọ, Màmá jókòó tì í.

"Ìyàwó, wá dúró tì mí kí n wẹ̀ ẹ́."

"Màmá, màá pẹ́."

"Kò burú. Tó o bá dé, a ó wẹ̀ ẹ́."

Mo rò pé inú ló ń bí wọn, pé yóò tán. Mo bẹ̀ wọ́n. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò bínú, ojú mi ni àwọn fẹ́ kó wà ńbẹ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rin báyìí, ó ti ní àbúrò obìnrin. Bí mo bá ti iléèwé dé lẹ́yìn aago méjì, màá bá àwọn méjèèjì pẹ̀lú erùpẹ̀ àárọ̀ lára, omi á wà lórí iná, Màmá á máa wo ọ̀nà. Màá jókòó, wọ́n á wá bọ́ aṣọ wọn. Mo ti gbìyànjú láti máa fi ojú sí fóònù mi tàbí kí n yíjú sí ògiri nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ wọ́n. Bí mo bá ti gbójú kúrò, Màmá á dáwọ́ dúró.