Okùn tí Mo Fi Di Kúlà

Ìka kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi gbé kẹ̀kẹ́ ológeere kan sókè lẹ́bùúté Igbókòdá, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Káábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, ohun tó fúyẹ́ ju irin lọ, táyà rẹ̀ sì sanra bí itan mi. Orí ọkọ̀ epo lójú òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ ra ẹyọ kan yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ayétòrò. Àwa mẹ́rin là ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé kiri àwọn abúlé etí òkun, bí ọkọ̀ ojú omi bá sì ti pẹ́, yìnyín inú kúlà á yọ́, abẹ́rẹ́ á bàjẹ́, àwọn ìyá á gbé ọmọ wọn padà sílé. Ó ní kí n gùn ún wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n sì sọ bó ṣe rí gan-an fún òun. Bó bá dára, wọ́n á ra mẹ́ta sí i fún àwọn yòókù. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé inú báàgì ẹ̀yìn ni kí n máa kó ẹrù sí, n kò gbọdọ̀ di nǹkankan mọ́ egungun rẹ̀. Ó ní ó lágbára láti gbé ènìyàn, àmọ́ kò fẹ́ ká fún un pinpin.

Kí n má parọ́, kẹ̀kẹ́ náà dùn ún gùn. Iyanrìn etí òkun wa tó dà pọ̀ mọ́ ẹrọ̀fọ̀, tó máa ń gbé ọ̀kadà mì dé ìdajì, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń gorí rẹ̀ kọjá. Níbi tí òkun bá ti ya ilẹ̀ lọ, mo máa ń gbé e kọ́ èjìká ni, n ó sì máa bá tèmi lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Àwọn apẹja ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti ra ọkọ̀ tí kò nílò omi. Orí mi sì ń wú.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo ṣe é. Kúlà tí mo máa gbé lọ́jọ́ náà tóbi ju báàgì lọ. Ṣebí ọmọ Ìlàjẹ ni mí? Bàbá mi kì í gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ọkọ̀ kó má fi okùn àwọ̀n dì í, kó ki igi bọ àárín okùn náà, kó sì máa yí i títí okùn á fi máa ké. Bí mo ṣe di kúlà mọ́ egungun kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Mo rántí ìkìlọ̀ ẹ̀gbọ́n mi o. Mo kàn sọ nínú ara mi pé kí ló mọ̀ nípa ẹrù dídì, mo sì tún yí igi náà lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún nígbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà. Ilẹ̀ tó kù fún mi kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Òkun lọ́tùn-ún, ògiri ilé tó ti wó lósì. Mo ń yára. Ni mo bá gbọ́ kàù, kẹ̀kẹ́ náà sì rọ̀ lábẹ́ mi. Mo sọ̀kalẹ̀, mo wò ó: ojú ibi tí okùn ti fún un gan-an ló ti là. Omi ti dé orúnkún mi. Mo tú okùn náà, mo ru kúlà, mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, mo ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrọ̀fọ̀, ìgbì sì ń tì mí mọ́ ògiri. Ká ní kẹ̀kẹ́ onírin ni, mi ò bá ti jù ú sílẹ̀. Àwọn ìyá ṣì jókòó nígbà tí mo dé, yìnyín sì ṣì wà. Tòun ti aṣọ tútù lára ni mo fi gún àwọn ọmọ náà tán lábẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo ya fọ́tò ibi tó là, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ju okùn náà sómi kí n tó yà á. Lójú ẹsẹ̀ ló pè, ó bi mí bóyá mo di nǹkan mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì ń tì mí.

“Rárá, Brọ̀dá,” ni mo wí. “Mò ń gùn ún lọ ni, ó kàn là fúnra rẹ̀.”

Ó wá ní ọpẹ́ ni pé n kò fara pa, pé kẹ̀kẹ́ burúkú gbáà ni, àwọn kò sì ní í ra òmíràn kó má baà pa ọ̀kan nínú wa. Mo ní ẹ ṣé.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa nọ́ọ̀sì mẹ́rin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lápá Mólútẹ̀hìn, pè mí. Ó ti ń dúró de ọkọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú ganrínganrín, yìnyín rẹ̀ ti yọ́, ó sì ti ní kí àwọn ìyá máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

“Ẹ̀gbọ́n, ká ní kẹ̀kẹ́ yẹn dára ni,” ló wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì bá a kẹ́dùn.