Síléètì Inú Àyà Bàbá Idwal

Wọ́n ní àyà Bàbá Idwal ti di síléètì kó tó kú. Wọ́n ní ọ̀bẹ dókítà kán nígbà tó ń la òkú rẹ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wú ju búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bàbá Idwal. Iṣẹ́ òkúta síléètì ló ń ṣe lórí òkè Wales wa, òun ló ń la òkúta náà sí pẹlẹbẹ fún òrùlé. Bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dé ahéré tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, á na ẹyọ síléètì kan sí mi.

"Mererid, kí nìyí?"

"Òrùlé ni, Bàbá."

"Ẹrẹ̀ ni, olórí kunkun! Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Ẹrẹ̀ mìíràn kó jọ lé e lórí, ó di òkúta rírọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fún un mọ́ra, tí ooru mú un, ló tó di èyí tó ń là."

"Tí mo bá jókòó lé ẹrẹ̀ ìdí bàtà mi ńkọ́, ṣé á di síléètì?"

"Bí o ṣe ń jẹun yìí, kò ní pẹ́ mọ́."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú wọn jáde. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò fẹ́ ju kí èémí rẹ̀ padà kí Àjíǹde tó dé, kó lè bá wọn kọrin níbi àpéjọ orin. Ó bá lọ bá dókítà ibi iṣẹ́.

"Eruku síléètì kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan," ni dókítà wí. "Tíì yín ni. Ẹ ń gbé e kaná láti òwúrọ̀, ó ń dúdú bí ọ̀dà, ẹ tún ń mu ún!"

Ọkùnrin tó mọ bí ẹrẹ̀ ṣe ń di òkúta gba èyí gbọ́. Ó fi tíì sílẹ̀, omi gbígbóná ló ń mu láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé omi ìwẹ̀ yín nìyẹn?"

"Fi mí sílẹ̀. Àárò tíì ń sọ mí ju ti Ceinwen ìyàwó mi lọ. Má jẹ́ kó gbọ́ o!"

Tó bá mu ún tán, á padà sínú eruku títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àjíǹde dé. Ó wọ kóòtù dúdú rẹ̀, ó dúró láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, ó yanu. Kò sí ohùn. Huw, akọrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dì í lápá mú, ó rọra fi í jókòó. Kí wọ́n tó rẹ́ irun àgùntàn lọ́dún náà, ó ti kú.

Dókítà ibi iṣẹ́ yẹn wá síbi ìsìnkú. Ó béèrè tíì, èmi ni mo bù ú fún un, iyọ̀ ni mo fi sí i dípò ṣúgà. Ó mu ún tán láìfajúro.

Dókítà mìíràn, láti ìlú ńlá, ló ti la òkú náà kí a tó sin ín. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò kán. Eruku ló bá nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.