Ẹṣin Tí Agbaṣẹ́ṣe Fi Sílẹ̀

Nígbà tí owó epo gbòde, agbaṣẹ́ṣe kan kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí èmi àti ọkọ mi háyà ní Ìsọlọ̀. Ó ra ẹṣin kúkúrú kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, irú èyí tí kì í ga ju àyà ènìyàn lọ. Wọ́n gùn ún títí ó fi sú wọn. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Ìkòyí, tí wọ́n ti géètì pa, a rò pé wọ́n ti mú un lọ.

Ìyá ọkọ mi, tó wá láti Èkìtì wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Ìyàwó mi, nǹkan kan ń kérora lẹ́yìn ògiri yìí o."

Ọkọ mi gun àga, ó yọjú wò ó. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé korobá. Omi ló lọ pọn.

Ọkọ mi já àgádágodo géètì, a sì bá ẹṣin náà ní ìdùbúlẹ̀ nídìí igi ìbẹ́pẹ tí wọ́n so ó mọ́. Ó ti jẹ èèpo igi náà tán níbi tí ẹnu rẹ̀ dé. Okùn ti wọ inú ẹran ọrùn rẹ̀, pátákò rẹ̀ sì ti gùn, ó lọ́ bí ìwo àgbò. A tú u, a rọra mú un wá sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Mo ń pa koríko létí odò, ìyá ọkọ mi ń fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ egbò ọrùn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń sin ẹṣin ní Ṣógúnlé bá wa gé pátákò rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó mi orí. Láràárọ̀ la máa ń fi aṣọ gba abẹ́ ikùn rẹ̀ gbé e dìde. Nígbà mìíràn kò ní dìde. Á máa wò mí, èmi náà á máa wò ó, ọmọ á sì máa ké nínú ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dá dìde, ó yán. Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́: "O káre, ọkọ mi!"

Kò pẹ́ sí i ni agbaṣẹ́ṣe gbé lọ́rì dé.

"Wọ́n ní ẹṣin mi wà lọ́dọ̀ yín. Àbúrò mi ń joyè nílé, òun ló máa gùn ún."

"Ó wà níbí, sà," ọkọ mi dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lè gbé ènìyàn."

"Ẹṣin ṣá ni."

Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn dìde, ó sì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé pákó sílẹ̀ lẹ́yìn lọ́rì.

Ẹṣin náà kọ̀, kò tẹ̀lé wọn. Wọ́n tì í, wọ́n lù ú, kò mira. Nígbà tí ọkọ mi rí i pé wọn kò ní yéé lù ú, ó gba okùn lọ́wọ́ wọn, ó ṣíwájú, ẹṣin náà sì ń tẹ̀ lé e gun pákó lọ, ó ń tiro.

A ò gbọ́ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi àti ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.